Igi àyẹ̀wò òjé tí mo lò nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá mi kọ́ ni à ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Fèrèsé onípákó ló wà níbẹ̀, ọ̀dà orí rẹ̀ sì ti di ìpele mélòó kan, torí bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé ni wọ́n máa ń kun òmíràn lé e. Lọ́dún yìí, pẹ́ńtà fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku bo pálọ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, ń fi ọwọ́ gbá a, ó sì ń lá ọwọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà rí i lórí fóònù, ló bá figbe ta. Ó ní láti 1978 ni ìjọba ọ̀hún ti fòfin de ọ̀dà olójèé nínú ilé (òjé ni májèlé tí wọ́n ń pè ní lead), pé irú ilé wa yìí gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù. Òun ló fi páálí igi àyẹ̀wò òjé mẹ́fà ránṣẹ́. Páálí kejì, èmi ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ₦18,000.

Igi náà rí bí sìgá. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ níbi méjì títí ẹ ó fi gbọ́ kẹ́, ẹ ó gbọ̀n ọ́n, omi aláwọ̀ ìyeyè á rin òwú orí rẹ̀. Ẹ ó fi òwú náà ra ojú ọ̀dà fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Bó bá pọ́n, òjé wà níbẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ kò pọ́n rárá. Màmá mi bú sẹ́rìn-ín: “Inú ilé yìí ni mo ti tọ́ ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ló ya wèrè nínú yín?” Mo pa dà ka ìwé inú páálí. Àṣé ọ̀dà òkè tí wọ́n kùn láìpẹ́ ni mo ń ra! Mo fi bíléèdì gé e wọlé títí dé pákó: funfun, búlúù, àwọ̀ ewé, ìyeyè nísàlẹ̀ pátápátá. Mo ra igi kejì síbẹ̀. Kí n tó ka mẹ́wàá, òwú ti pọ́n bí omi zobo. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ibi tí igi náà kù díẹ̀ káàtó sí nìyí. Ilẹ̀kùn wa pupa, ọ̀dà rẹ̀ sì ń ran òwú, n ò mọ èwo ni òjé, èwo ni ọ̀dà. Igi méjì ṣòfò síbẹ̀. Kò sọ bí òjé ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó tà á fún mi ní bí kò bá pọ́n, kí n lọ sùn. Ẹ má gbọ́ tirẹ̀ o, ara mi ni mo fi mọ̀.

Kò sì lè sọ ohun tó wà lára ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń sọ ìyẹn. Láàbù tí a lọ ní ìlú fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi retí. Wọ́n kọ 9 µg/dL, ìyẹn máíkírógíráàmù òjé mẹ́sàn-án nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Dókítà ní láti 5 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ní kí wọ́n wá ibi tó ti ń wọlé kí wọ́n dí i, àti pé kò sí iye tí a lè pè ní kò-ṣe-nǹkan. Oògùn tó ń fa òjé jáde, ó di 45 kí wọ́n tó lò ó. Màmá mi mí kanlẹ̀: “Òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ.”

A yọ fèrèsé, a fi onígíláàsì rọ́pò. Aṣọ tútù la fi ń nu ilẹ̀ báyìí, a ò gbálẹ̀ gbígbẹ mọ́. À ń fún ọmọ ní ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja: ọmọ tí èròjà irin (iron) kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni òjé ń tètè wọ̀ lára. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó wá sí 6.

Dókítà tún bi wá bóyá a ń lé tìróò fún ọmọ. Ojú Màmá mi walẹ̀. Ní 2012, Amẹ́ríkà kọ ìròyìn ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní Boston tí òjé wọ̀ lára láti inú tìróò tí wọ́n gbé láti Nàìjíríà. Òjé inú tìróò náà lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Igi mi ò kan tìróò ilé wa, mo kàn gbé e sọnù ni.

Màá tún igi yìí rà fún ilé àwọn àbúrò mi ní Ṣàgámù. Ṣùgbọ́n bí owó ò bá tó méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Màmá mi ṣì ń béèrè tìróò rẹ̀.