Bẹ́díṣíìtì tí wọ́n ní òwú ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Mo ra bẹ́díṣíìtì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé òwú 100% ni, òun àti àpò ìrọ̀rí méjì. Nígbà tó dé, ó ń dán yinrinyinrin, ara ti ń fu mí nìyẹn, àmọ́ mo ṣáà tẹ́ ẹ. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo sùn lórí ẹ̀, òógùn bò mí bíi pé mo wé ọ̀rá mọ́ra sùn. Ilẹ̀ mọ́, mo fa fọ́nrán kan yọ ní ìṣẹ́tí ẹ̀, mo ṣáná sí i. Òwú gidi, bíi pépà ló ṣe máa ń jó, eérú ẹ̀ á fúyẹ́, tóo bá fọwọ́ rà á, á fọ́ lúúlúú. Tèmi ńkọ́? Ó ń yọ́, ó ká jọ, ó wá di kóró dúdú kan tó le gbagidi, òórùn ọ̀rá gba gbogbo yàrá. Polyester pọ́ńbélé, aṣọ tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe!

Ká sòótọ́ ṣá, kò burú tán. Mo ti fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹfà, kò ṣá, kò súnkì, kì í rún, mi ò fi áyọ́ọ̀nù kàn án rí, rọ́bà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ sì di fóòmù mú dáadáa. Àpò ìrọ̀rí yẹn ni wọ́n rán bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀, ojú rírán ọ̀kan ti tú. Ká ní wọ́n kọ polyester síbẹ̀ látilẹ̀ ni, mi ò ní bínú. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, rọ́bà yẹn ló sì ni ọ̀kan nínú ẹ̀.