Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin ará wa ní Houston: ìwé owó orí tí ọkùnrin kan tẹ̀ fún mi kọ́ ló fi ránṣẹ́ sí IRS, àjọ agbowó orí Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ará wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú arúgbó bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó gbé W-2 yín, ìwé tó ń fi owó iṣẹ́ yín hàn, fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin tó bá mi ṣe ìwé owó orí náà, ìdí nìyẹn tí mo fi fọkàn tán an. Orí tábìlì mi ló ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì tẹ ìwé jáde fún mi pé dọ́là 3,412 ni ìjọba máa dá padà. 3,412 náà ló wọ àkáǹtì mi géérégé. Mo ṣàdúrà fún un.

Ṣùgbọ́n kí owó tó dé, ohun kan ti ta mí lólobó. Mo lọ sí "Where's My Refund" ní IRS.gov, níbi tí èèyàn ti ń wo ibi tí owó rẹ̀ dé, tí wọ́n sì ti ń béèrè iye owó náà gan-an. Mo tẹ 3,412, wọ́n ní kò bára mu. Mo pè é, ó ní sọ́fítíwià ló ń ṣe ségesège, kí n ní sùúrù. Mo gbà á gbọ́. Ó ń dùn mí títí di òní.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, lẹ́tà IRS dé. Mo wo transcript mi, àkọsílẹ̀ owó orí mi tó wà lọ́wọ́ IRS, ọ̀fẹ́ ni: 5,912 ló kọ ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá padà! Ó ti fi Schedule C, fọ́ọ̀mù èrè àti àdánù òwò, kún un pé mo ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, pé àdánù ló sì bá mi níbẹ̀. N kò dirí fún ẹnikẹ́ni gbowó rí. Nígbà tí mo rí ẹ̀dà ìwé náà gbà, Form 8888 wà nínú rẹ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń pín owó sí àkáǹtì méjì tàbí mẹ́ta. 2,500 ti gba ọ̀dọ̀ tirẹ̀ lọ. Orúkọ mi ló wà lórí irọ́ náà, èmi ni wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú èlé àti owó ìtanràn.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí iye kò bá bára mu ni olè wà níbẹ̀ o. Bí IRS bá tún ìṣirò yín ṣe, lẹ́tà CP12 máa dé. Bí ẹ bá jẹ gbèsè owó ìtọ́jú ọmọ, wọ́n lè yọ ọ́ níbẹ̀, wọ́n á sì kọ̀wé sí yín.

Ẹ wo ìlà 35a lórí Form 1040, ìwé owó orí náà gan-an. Bí wọ́n bá máàkì àpótí Form 8888 tó wà níbẹ̀, ẹ béèrè ìdí. Ẹ wo nọ́mbà àkáǹtì ní 35d. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì: ẹni tó bá gbowó ṣe é gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, kó sì kọ PTIN rẹ̀, nọ́mbà tí IRS fi ń dá ẹni tó ń gbowó ṣe ìwé owó orí mọ̀: lẹ́tà P àti nọ́mbà mẹ́jọ. Òfìfo ni ti èmi, bí ẹni pé èmi fúnra mi ni mo ṣe é.

Mo ti fi Form 14157 àti 14157-A, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń fi ẹjọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sun IRS, ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti gbé tirẹ̀ fún ọkùnrin tó ń wá sílé, tó ń gba owó lọ́wọ́, tí kì í buwọ́ lùwé, kó lọ wo transcript rẹ̀ lónìí, kó má dúró de lẹ́tà.