Tòlótòló 50 tí mo rà lọ́nà Ṣàgámù, Ìkòròdú: ẹ gbọ́ tẹnu mi

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá, òjò July ń rọ̀ kò dá, èmi rèé lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi n'Ígbógbò, mò ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka ọmọ tòlótòló nínú páálí tó ti rin gbindingbindin. 50 ni mo sanwó fún, 4,500 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, 47 ni, mẹ́fà nínú wọn sì ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

Mo bá pe nọ́ńbà àwọn tó tà á fún mi, tó wà lórí rísíìtì. Ọmọbìnrin kan gbé e, mo ní àǹtí, ẹyẹ mi ò pé, àwọn kan tún ti kú. Ó ní "Mọ́mì, ẹ tún un kà dáadáa, wọ́n máa ń sá sábẹ́ ara wọn ni." Òkú náà ń sá sábẹ́ ara wọn? Mo ní kó fún mi ní ọ̀gá ẹ̀, ó ní ọ̀gá ti sùn. Mo ní kó lọ jí i. Ó rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín yẹn gan-an ló dùn mí ju owó lọ. Kò pẹ́ ló fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà, ó tún wá fi àwòrán ọwọ́ àdúrà méjì tì í lẹ́yìn.

Mi ò sùn. Ilẹ̀ mọ́, bàbá tó wa ọkọ̀ ẹyẹ wọn yọ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú páálí bàtà kan lábẹ́ apá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Bàbá ní "Ìyá Rọ́kíbà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n rí àwọn ọmọ yìí ná, ìjà ò ní tán." Mẹ́ta tó sọnù ló wà nínú páálí yẹn, ó ní ìdérí ló ṣí nínú ọkọ̀ òun. Ọmọ adìẹ méjì tún wà nínú páálí náà pẹ̀lú wọn.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ti ẹnu wọn bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó po glúkóòsì sí, tó bá ti gbé e mì, ó di kó mú òmíràn. Ó ní ọmọ tòlótòló kì í dá mọ omi àti oúnjẹ bíi ti adìẹ, á dúró ti omi, òùngbẹ á sì pa á. Ọmọ adìẹ yẹn ni tíṣà wọn, á máa ṣá oúnjẹ, àwọn náà á máa wò ó ṣe. Àmọ́ tó bá ti di ọjọ́ karùn-ún kí n yọ adìẹ kúrò, torí àìsàn kan wà lára adìẹ tí kì í ṣe adìẹ ní nǹkan kan, ẹ̀dọ̀ tòlótòló ló ń bàjẹ́, ìgbẹ́ wọn á wá rí rúsúrúsú bí imí-ọjọ́. Ó tún wo ìkòkò èédú mi, ó ní tí wọ́n bá gun ara wọn, òtútù ni, tí wọ́n bá sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ooru ti pọ̀. Gbogbo èyí, àwọn tó gba owó lọ́wọ́ mi ò sọ ẹyọ kan. Mo fún bàbá lówó ọ̀kadà, kò gbà, iṣu díndín ló jẹ.

Mẹ́wàá ṣì kú lẹ́yìn ìyẹn o, àìsàn ojú mú àwọn kan. Ọ̀kan la pa níbi ìsọmọlórúkọ. 33 ló kù di December, akọ kan tiẹ̀ wà nínú wọn tó jẹ́ pé tí a bá ti tan jẹnẹrétọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn.

Owó ńkọ́? Oúnjẹ ló fẹ́ pa mí: àpò 40, 19,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, 780,000. Ẹyẹ 225,000, èédú àti oògùn 95,000. Mo ta akọ 14 ní 75,000, abo 19 ní 38,000. Gbogbo ẹ̀ 1,772,000, èrè jẹ́ 672,000, mi ò tíì ka oorun mi mọ́ ọn. Àwọn oníbàárà ní Sábó á máa fi iye tòlótòló oníyìnyín tí wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀ gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé ná ẹyẹ mi, mo ní kí wọ́n lọ rà á nígbà yẹn, wọ́n á lọ, wọ́n á tún padà wá.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ẹ̀rín ọmọbìnrin yẹn ló jẹ mẹ́ta tó kù. Mo ti san ìdajì owó fún 80 ti July tó ń bọ̀, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rísíìtì pé bàbá yẹn ni kó gbé e wá.