Ẹ ṣọ́ra fún àgbo ọmú màálù tí wọ́n ní "láàbù ti yẹ̀ ẹ́ wò"

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin màálù fún mílíìkì ní Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti gbogbo Òkè-Ògùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó sanwó. Ọkùnrin kan ń gun ọ̀kadà káàkiri àwọn gáà, ó ń ta ìgò àgbo kan ní 12,000 náírà. Ó ní efinrin àti èèpo ìrà ni, pé ó ń wo ọmú tó wú. Mo rà á. Ojú mi rí nǹkan.

Fọ́tò orí fóònù rẹ̀ ló fi mú mi: abọ́ pẹlẹbẹ láàbù tí wọ́n gbin kòkòrò àìfojúrí sí, ihò mẹ́rin nínú rẹ̀ tí wọ́n rọ àgbo sí, òrùka mímọ́ yí ihò kọ̀ọ̀kan ká níbi tí kòkòrò ti kú. Àfìgbà tí mo fi han àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ láàbù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ihò wo ni wọ́n rọ ọtí lásán sí?" Kò sí. Bẹ́ẹ̀ ògógóró ni wọ́n fi rẹ ewé náà, ẹ sáà ṣí ìgò kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọtí nìkan lè pa kòkòrò nínú abọ́. N kò ní efinrin ò lágbára o, ó lè pa Staphylococcus, ọ̀kan nínú kòkòrò tó ń mú ọmú wú, nínú abọ́, ṣùgbọ́n ọmú màálù kì í ṣe abọ́: mílíìkì á dà pọ̀ mọ́ àgbo, kòkòrò á sì ti wọnú ẹran ọmú lọ.

Ó ní kí n fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á gba ojú ọmú wọlé. Ọmú iwájú lápá òsì ti le, ó gbóná, mílíìkì rẹ̀ ń jáde ní ègé-ègé. Lọ́jọ́ kejì ó rọ̀. Inú mi dùn.

Ìyá Fúlàní tó ń ra mílíìkì wa ló kọ́kọ́ fura. Wàrà tó fi bọmubọmu se dì dáadáa, àmọ́ nónò tó gbé kalẹ̀ kọ̀, kò kan. Ọjọ́ kẹta, ó ṣì dùn bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ó ní, "Oògùn òyìnbó wà nínú èyí." Òótọ́ ni: oògùn apakòkòrò kò dí bọmubọmu lọ́wọ́, kòkòrò tó ń mú nónò kan ló ń pa. Mo jẹ́ kí ìgò náà tòrò, mo sì rí ìyẹ̀fun yẹ́lò nísàlẹ̀, bíi ti inú kápúsù tẹtirá.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ó ní ewé ni, pé kí n máa fún mílíìkì tà lọ. Ọmọdé ti mu ún. Síse kì í sì í mú oògùn yẹn kúrò tán.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọmú tún wú. Kí dókítà ẹran tó dé, ó ti gbẹ, mílíìkì kò jáde níbẹ̀ mọ́. Fóònù ọkùnrin náà kò wọlé mọ́. Wọ́n kọ "NAFDAC" gàdàgbà sára ìgò, nọ́mbà kankan kò tẹ̀ lé e. Èmi ni mi ò wò ó.

Bí ìgò náà bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fà á sí ọmú mọ́, ẹ má sì dà á nù. Ẹ gbé e fún dókítà ẹran tó wà nítòsí yín, kí ó yẹ ọmú kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú omi CMT, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń dán mílíìkì wò bóyá ọmú ní àrùn: mílíìkì tó bá yọ̀ bí ilá nínú rẹ̀, ọmú yẹn ò yá.