Olùyẹ̀wò Olówó àbí Olùyẹ̀wò Ọ̀fẹ́?

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ bi mí léèrè: ṣé kí òun kọ́ iṣẹ́ olùyẹ̀wò ISO 9001, ìlànà àgbáyé lórí bí ilé iṣẹ́ ṣe ń rí i pé iṣẹ́ wọn dára, àbí kí òun yọ̀ǹda ara òun fún irú àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún àmì-ẹ̀yẹ Baldrige, ẹ̀bùn fún ilé iṣẹ́ tó ta yọ, èyí tí òfin Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1987?

ISO ò lọ́jú pọ̀. Ìlànà wà lọ́wọ́ ẹ, ìwọ wò ó bóyá ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ lé e. Wọ́n á sanwó fún ẹ, ó parí.

Ti Baldrige gba àròjinlẹ̀, kò sì sówó ńbẹ̀. Wàá ka ohun tí ilé iṣẹ́ kọ nípa ara rẹ̀, wàá dá fún un ní máàkì, kí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ tó wá jókòó jiyàn. Nínú 1,000 máàkì tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, 450 jẹ́ ti àbájáde iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá aláró kan ní Ìtòkú. Oní-ISO á wò ó bóyá iye ìgbà tí wọ́n ní kó ri aṣọ náà ló rì í. Oní-Baldrige á ní: “Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ọmọ iṣẹ́ yín náà mọ̀ ọ́n? Nígbà tí oníbàárà dá aṣọ padà pé ó ń ṣí, kí lẹ yí padà?”

Bí àtijẹ bá ń dà á láàmú, kó gba ISO lọ. Èmi ì bá yan ìkejì, àní pẹ̀lú gbogbo òru tó máa gbà lọ́wọ́ mi.