Ilẹ̀kùn Ńlá fún Ilé Katakata: Èwo Ló Bá Oko Yín Mu?

Ẹni tó bá ń kọ́ ilé fún katakata lóko sábà máa ń bi wẹ́dà ní ìbéèrè méjì péré: èló ni, báwo ni irin rẹ̀ ṣe nípọn tó? Ìbéèrè kejì yẹn ló ń kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Irin tó nípọn ń dẹ́rù ba olè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwúwo ni ọ̀tá ilẹ̀kùn ńlá. Òun ló ń fa híńjì ya, òun ló ń tẹ òpó, òun ló sì ń mú kí ọmọ iṣẹ́ méjì máa làágùn lórí ilẹ̀kùn tó yẹ kí ẹnì kan fi ọwọ́ kan ṣí. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá kejì.

Ẹnu ọ̀nà kan náà la ó fi wọn gbogbo oríṣi ilẹ̀kùn tí a fẹ́ yẹ̀ wò: mítà 5 ní fífẹ̀, mítà 4 ní gíga, lára ilé búlọ́ọ̀kù ní irú agbègbè Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kíṣì. Ẹ̀rọ wà lóko níbẹ̀, wẹ́dà kò jìnnà, iná kò ṣeé gbára lé, ìjì àkọ́rọ̀ òjò sì máa ń le.

Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà ná

Ẹ má wọn katakata nìkan. Ẹ so ohun èlò tó fẹ̀ jù mọ́ ọn, ẹ gbé e sókè bí yóò ṣe rí nígbà tó bá ń wọlé, kí ẹ tó wọn fífẹ̀ rẹ̀. Háró, ìyẹn irin tí a fi ń fọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn títú, àti ẹ̀rọ ìgbìn sábà máa ń fẹ̀ ju katakata tó ń fà wọ́n lọ. Ní ti gíga, ẹ wọ̀n ọ́n dé orí páìpù èéfín tàbí orí ìbòrí awakọ̀, èyí tó bá ga jù níbẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 60 kún ọ̀tún, 60 kún òsì, 50 kún òkè. Bí iwájú ilé kò bá ní ààyè tó tó mítà 10 tí awakọ̀ lè fi tọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sọ́nà, ẹ tún fi 60 mìíràn kún fífẹ̀, torí ìgbà tí katakata bá ń yí wọlé ni háró ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gbá òpó.

Bí iwájú ilé bá ní ààyè yẹn, katakata tó gbé háró mítà 2.5 kò nílò ju ẹnu ọ̀nà mítà 4 lọ. Mítà 5 wà fún ẹni tó ń ronú ẹ̀rọ tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ó sàn kéèyàn ná owó ààyè yẹn nísinsìnyí ju kó wó ògiri lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ.

Bí ilé kò bá tíì dúró, ẹ má kọ ojú ilẹ̀kùn sí ìlà-oòrùn. Ibẹ̀ ni ìjì òjò wa sábà máa ń gbà wá. Ìjì tó ń sáré kìlómítà 90 ní wákàtí kan ń ti gbogbo ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo kílò 38. Lórí abala kan, ìyẹn ìdajì ilẹ̀kùn wa, tó fẹ̀ ní mítà 2.5 tó sì ga ní mítà 4, ó di nǹkan bíi kílò 380. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Abala méjì tó ń ṣí síta

Èyí ni gbogbo wẹ́dà mọ̀ ọ́n ṣe, owó rẹ̀ ló sì máa ń kéré jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò abala kan. Fíréèmù square pipe 50 × 50 tó nípọn ní mílímítà 3, pẹ̀lú dábùú mẹ́ta àti ọ̀pá ìfàró kan tó gba igun dé igun, gba nǹkan bíi mítà 24. Mítà kan rẹ̀ wọn kílò 4.3, nítorí náà fíréèmù nìkan ti tó kílò 103. Bí ẹ bá fi irin pẹlẹbẹ oní-mílímítà 1.5 bò ó, kílò 118 nìyẹn tún fi lé e, àpapọ̀ rẹ̀ sì kọjá 220. Bí ẹ bá fi páànù alúmíníọ̀mù long-span oní-mílímítà 0.55 bò ó dípò ìyẹn, kò ní ju bíi kílò 17 tó máa fi kún un. Abala náà á wà ní nǹkan bíi 120.

Ẹ̀yìn híńjì ni gbogbo ìyàtọ̀ yẹn ń já sí. Bí híńjì òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá fi mítà 3.2 jìnnà síra, abala kílò 220 á máa fa híńjì òkè kúrò lára òpó pẹ̀lú agbára kílò 86, tọ̀sán tòru. Ti kílò 120 ń fi 47 péré fà á. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé lẹ́yìn òjò kan tàbí méjì, òpó á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sínú, abala méjèèjì á gun ara wọn láàárín, wẹ́dà á sì wá gé díẹ̀ kúrò létí rẹ̀. Gígé yẹn kò wo nǹkan kan sàn, torí òpó ló ṣàìsàn.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ sínú ìwé iṣẹ́ nìyí. Òpó: square pipe 100 × 100 tó nípọn ní mílímítà 5, kí ó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, kí kọnkéré tó yí i ká fẹ̀ ní 60. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan híńjì mọ́ búlọ́ọ̀kù lásán. Híńjì: mẹ́ta lórí abala kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀pá inú rẹ̀ nípọn tó mílímítà 25, kí ihò gíríìsì wà lára rẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ jókòó lórí bíárìn. Kí wọ́n wẹ́ẹ̀dì ìdérí sórí híńjì òkè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ olè á fi jáàkì gbé ilẹ̀kùn yọ láìfọwọ́ kan àgádágodo yín. Ọ̀pá ìfàró gbọ́dọ̀ ti igun híńjì òkè wá sí igun ìsàlẹ̀ lódìkejì. Lọ́nà yìí ó ń fa igun tó fẹ́ sọ̀ sókè. Ọ̀pọ̀ ló ń fi sí ibi tó bá wọ ojú wọn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń rà á kì í béèrè, ìyẹn òpó kékeré níta tí a ó fi ìkọ́ há abala mọ́ nígbà tó bá ṣí. Abala tó ṣí sílẹ̀ láìní ìkọ́ nígbà tí ìjì dé, kílò 380 yẹn ni yóò fi gbá katakata, tàbí awakọ̀. Ẹ tún rántí pé ilẹ̀ iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ààyè sẹ̀ǹtímítà 7 lábẹ́ ilẹ̀kùn dà bí èyí tó pọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́. Yanrìn àti ẹrẹ̀ tí táyà ń kó wá á dí i kí ọdún tó yí.

Ní tiwa, ẹnu ọ̀nà tí kò bá ju mítà 3.6 lọ, ẹ ra èyí, ẹ má wo ibòmíràn. Bó bá tó mítà 5, àfi kó jẹ́ páànù ni ẹ fi bò ó.

Àfàsẹ́gbẹ̀ẹ́ tó so rọ̀ látòkè

Réèlì wà lókè ẹnu ọ̀nà, rólà ń sáré nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn so rọ̀ mọ́ rólà. Nílẹ̀, kò sí nǹkan kan tí ẹrẹ̀ lè dí yàtọ̀ sí atọ́nà kékeré tó ń di ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mú. Fún ilé ẹ̀rọ oko tó fẹ̀, èyí ló borí lọ́wọ́ wa, bí ògiri bá gbà á.

Ògiri yẹn ló máa ń pinnu. Abala méjì tó jẹ́ mítà 2.6 lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ó yẹ kó fi sẹ̀ǹtímítà 10 bo etí ògiri, nílò mítà 2.6 ògiri gbọọrọ ní ọ̀tún àti òsì, láìsí fèrèsé tó yọ síta, láìsí páìpù omi òjò. Ojú ilé yín gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà 10 ó lé díẹ̀. Bí ilé bá ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn, ẹ béèrè fún réèlì méjì tó jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ lè ṣí èyíkéyìí nínú wọn, àmọ́ kò sí bí gbogbo wọn ṣe máa ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí pé kò sí híńjì tó ń fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fíréèmù lè fúyẹ́: square pipe 50 × 50 oní-mílímítà 2, tó wọn kílò 3 ní mítà kan. Pẹ̀lú páànù long-span, abala kan kò ní ju kílò 85 lọ. Rólà méjì ló ń gbé e, ṣùgbọ́n ẹ ra èyí tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè gbé kílò 150. Ìdí ni pé ìgbà tí ẹnì kan bá já ilẹ̀kùn gbà lójijì, rólà kan lè gba gbogbo ẹrù náà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́:

Líńtẹ̀lì tó rọ̀. Réèlì kò lè tọ́ ju ohun tí a kàn án mọ́ lọ. Bí irin tó wà lókè ẹnu ọ̀nà bá tẹ̀ díẹ̀ láàárín, abala méjèèjì á máa yí wá pàdé fúnra wọn, ẹ ó sì máa wá òkúta tí ẹ ó fi dá wọn dúró. Àfi kí líńtẹ̀lì jẹ́ kọnkéré onírin tó dára tàbí I-beam, kí ìkọ́ tó di réèlì mú má fi ju sẹ̀ǹtímítà 60 jìnnà síra, pẹ̀lú bóòtì oní-mílímítà 12 tó wọ inú kọnkéré náà gan-an.

Ìdádúró ìparí réèlì. Irin kékeré tí wọ́n ń fi bóòtì dè sí ìpẹ̀kun réèlì ni. Olówó pọ́ọ́kú ni, wọn a sì máa gbàgbé rẹ̀. Láìsí i, rólà á sá jáde, ilẹ̀kùn kílò 85 á sì wó lu ẹni tó ń tì í. Ẹ má gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn láìrí i ní gbogbo ìpẹ̀kun réèlì.

Atọ́nà ìsàlẹ̀. Táyà katakata ló máa ń gun ún fọ́. Nígbà tó bá ti fọ́, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn á máa fì, ìjì á sì gbé e síta bí aṣọ tó wà lórí okùn. Ẹ jẹ́ kí atọ́nà wà lẹ́bàá òpó, kó má sí láàárín ọ̀nà, kí ẹ sì ri òpó kọnkéré kúkúrú síwájú rẹ̀ tí táyà ò fi ní débẹ̀. Ẹ fi ààyè mílímítà 10 sí 15 sílẹ̀ láàárín atọ́nà àti ilẹ̀kùn.

Ìbòrí páànù tó yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 30 lórí réèlì á dènà òjò àti ìtẹ́ ẹyẹ. Gíríìsì lójú réèlì, bẹ́ẹ̀ kọ́: eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á di amọ̀. Inú bíárìn rólà nìkan ni gíríìsì ń lọ.

Àfàsẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń sáré lórí irin ilẹ̀

Ẹ ti rí i lẹ́nu géètì àwọn ilé nígboro. Táyà irin tó ní kòtò yíká ojú rẹ̀ ń gun angle iron tí a dojú rẹ̀ dé sínú kọnkéré. Nígboro, kọnkéré ni gbogbo ilẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lóko, òkúta kan ṣoṣo tó bọ́ lára táyà tó láti gbé ilẹ̀kùn kúrò lójú irin, ẹnu púláù tó sọ̀ á sì gbá irin náà yẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún géètì ọgbà.

Aláká tó ń ká sókè

Bí ògiri kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí iwájú náà sì há, èyí ló kù: pẹlẹbẹ irin tóóró tí a so pọ̀, tó ń ká yí ọ̀pá lókè. Ó nílò sẹ̀ǹtímítà 40 sí 60 lókè ẹnu ọ̀nà fún ibi tó ń ká sí. Nítorí náà, bí òrùlé yín bá lọ sílẹ̀, ó máa jẹ nínú gíga yín.

Títí dé nǹkan bíi mítà 3 ní fífẹ̀ àti 3 ní gíga, ọwọ́ lásán lè gbé e. Ẹnu ọ̀nà tiwa, mítà 5 ní fífẹ̀ àti 4 ní gíga, nílò ṣéènì tàbí mọ́tò. Bí wọ́n bá fi mọ́tò sí i, ẹ má sanwó àfi bó bá ní ṣéènì tí a lè fi ọwọ́ fà nígbà tí kò bá sí iná. Ẹ tún béèrè irin ìdámú tó ń wà létí pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, èyí tí kì í jẹ́ kí ìjì fà á yọ kúrò nínú ojú-ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ní fífẹ̀ mítà 5, aláká tí kò ní in kò yẹ kó dúró sí ibi tí ìjì ti ń jà.

Àléébù rẹ̀ méjì ló ṣe pàtàkì. Bí tírélà bá fẹ̀yìn gbá a, pẹlẹbẹ tó tẹ̀ kò ní ká mọ́, tí ẹ kò bá sì rí pẹlẹbẹ irú rẹ̀ rà, ilẹ̀kùn á há sí ibi tó dé. Wẹ́dà àdúgbò kò lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ ó máa retí ẹni tó máa ti Ìbàdàn tàbí Èkó wá. Èkejì: ajílẹ̀ oníkẹ́míkà bíi Yúríà àti NPK tí ẹ kó sínú ilé kan náà máa ń jẹ irin, pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Sípíríǹgì tó wà nínú ọ̀pá òkè tún léwu. Kí ẹnikẹ́ni má tú u láìkọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Òun ló sì wọ́n jù nínú gbogbo wọn.

Ilẹ̀kùn oníṣẹ́po wà pẹ̀lú, tó ní abala mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí ń ṣẹ́ po mọ́ ara wọn. Híńjì rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ibi eléruku.

Èyí tó kan gbogbo wọn

Ẹ ṣe ilẹ̀kùn kékeré fún ènìyàn, sẹ̀ǹtímítà 90 ní fífẹ̀, mítà 2 ní gíga, sára ògiri. Ọ̀pọ̀ máa ń gé e sára ilẹ̀kùn ńlá, ìyẹn á gé dábùú méjì, á sì sọ fíréèmù di aláìlágbára. Kí ilẹ̀ inú ilé ga ju ti ìta lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí kọnkéré iwájú rẹ̀ sì dagun síta ní sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà tí a gé lára túùbù táyà àtijọ́, tí a fi bóòtì dè sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ń lé eku àti ejò sẹ́yìn, kì í sì í há mọ́lẹ̀. Àgádágodo gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí irin tí ayùn kò lè dé. Kí wọ́n kun irin lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú red oxide kí wọ́n tó kan páànù mọ́ ọn, torí lẹ́yìn náà ojú ibi tí irin àti páànù ti pàdé kò ní ṣeé kùn mọ́.

Kí ẹ tó san àṣẹ́kù owó, ẹ pa ilẹ̀kùn náà dé, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun ní ìlà méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ bá ju mílímítà 10 lọ, fíréèmù kò gún. Ẹ ṣí i dé ìdajì, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ń rìn fúnra rẹ̀, òpó tàbí réèlì kò tọ́, kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí irinṣẹ́ wọn ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ so háró mọ́ katakata, kí awakọ̀ gbé e wọlé, kó sì tún fẹ̀yìn jáde.