Sólà tí mo so sílé: ohun tó gbé àti ohun tó kọ̀

Bí ẹ bá ń wá èyí tí yóò máa lọ aṣọ, tí yóò sì máa se omi gbígbóná, ẹ má wulẹ̀ ra irú tèmi yìí. Bó bá jẹ́ fáànù tí kò ní kú lóru, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti ṣíṣájì fóònù lẹ ń wá, ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀.

Páńẹ́ẹ̀lì méjì ni, bátìrì olómi méjì (12V, 200Ah ni ọ̀kọ̀ọ̀kan) àti ínfátà 24V kan.

Lọ́sàn-án gangan, oòrùn a máa da nǹkan bíi 1,000 wáàtì sórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan. Páńẹ́ẹ̀lì tó dáa kì í sábà sọ ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ di iná. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, ooru lásán ló ń dà. Ooru yẹn náà ló tún ń bá a jà: bí ara páńẹ́ẹ̀lì bá ti gbóná kọjá 25°C, iná tó ń mú wá á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi ń ṣe dáadáa lọ́jọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí oòrùn yọ, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa nu eruku kúrò lára rẹ̀ láàárọ̀.

Iná yẹn wọ bátìrì, ó di agbára tó fara pamọ́ sáàárín òjé àti ásíìdì. Lóru, ó tún padà di iná, ínfátà wá gbé e dé 230V kí fáànù tó yí. Kò sí ibodè tí wọn kì í ti í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀: níbi kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ lára iná náà ń ṣòfò di ooru. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ínfátà, ẹ ó mọ ibi tí owó náà ń bá lọ.

Lórí ìwé, 4,800 wáàtì-wákàtí ni bátìrì méjèèjì (12V × 200Ah × 2), ìyẹn ni pé ohun tó ń jẹ wáàtì kan lè lò ó fún wákàtí 4,800. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi kì í fẹ́ kéèyàn fà á kọjá ìdajì, bí a bá fẹ́ kó pẹ́. Ó ku 2,400. Fáànù 70 wáàtì méjì mọ́jú, kò sí wàhálà. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì ńkọ́? Kò ní pé wákàtí méjì àti ààbọ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi máa tán. Ohunkóhun tó bá ti ń sọ iná di ooru, ọ̀tá bátìrì ni. Áyọ́ọ̀nù tiwa ṣì ń retí NEPA.

Fíríìjì, ọ̀sán là ń tàn án, kí iná gba ọ̀dọ̀ páńẹ́ẹ̀lì kọjá tààrà láìkọ́kọ́ sùn nínú bátìrì.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹyọ kan tí mo yọ, ti ẹni tó tà á fún mi ni: ó ní á gbé gbogbo ilé, kò sì bi mí ní ohun tó wà nínú ilé.